Eku onílà, degu, marmot tàbí eku abẹ́ ilẹ̀: èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣọ́ lókè òkun?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ ṣe iṣẹ́ pápá fún oyè másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé, tó sì jẹ́ pé bí àwọn eku inú igbó ṣe ń bá ara wọn gbé ni ẹ fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ má fi òkìkí yan ẹranko. Ohun méjì ni kí ẹ bi ara yín. Ṣé ojú mi á lè tó ẹranko yìí níbi tó ti ń ṣe ohun tí mo fẹ́ mọ̀? Ṣé oṣù tó ń gùn, tó ń bí, tó sì ń sùn bá oṣù tí mo ní lọ́wọ́ mu? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ rárá, kò sí owó ìrànwọ́ tó lè tún un ṣe.

Ẹranko mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbogbo wọn ló ń gbé lágbo, gbogbo wọn ló sì ní ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń tọpasẹ̀ wọn fún ọjọ́ pípẹ́. Eku onílà (Rhabdomys pumilio) wà ní Goegap, igbó ọba kan tí kò jìnnà sí ìlú Springbok ní ìpínlẹ̀ Northern Cape, Gúúsù Áfíríkà. Degu (Octodon degus), eku kan tó ń gbé inú isà, wà ní àárín gbùngbùn Chile, Rinconada de Maipú tó wà nítòsí Santiago sì ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ lórí rẹ̀. Marmot oníkùn ìyeyè (Marmota flaviventer), ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́ tó tóbi gan-an, wà ní Gothic, lórí òkè Colorado ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹrin ni eku abẹ́ ilẹ̀ ti Damaraland (Fukomys damarensis), tí wọ́n ń wá kiri nínú iyanrìn Kalahari ní Kuruman River Reserve, Northern Cape kan náà.

Ohun tí ojú lè rí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ kan ní Goegap. Òtútù mú, ilẹ̀ gbẹ, òkúta pọ̀ ju koríko lọ. Ẹ ti jókòó ní bíi mítà mẹ́wàá sí igbó ṣúúrú kan kí oòrùn tó yọ. Bí ìtànṣán àkọ́kọ́ bá ti kan ewé, orí kan á yọjú, òmíràn á tẹ̀ lé e, títí eku mẹ́fà tàbí mẹ́jọ á fi jáde, tí wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí ìlà dúdú mẹ́rin ẹ̀yìn wọn á kọjú sí oòrùn. Wọ́n á máa yá oòrùn, wọ́n á máa tún irun ara wọn ṣe, ọ̀kan á máa fi imú kan imú èkejì. Tí ara wọn bá ti móoru, wọ́n á fọ́nká, oníkálukú á lọ wá oúnjẹ tirẹ̀ lóun nìkan. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún darí wálé.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹnu ọ̀nà ilé ni púpọ̀ nínú àjọgbé wọn ti ń ṣẹlẹ̀, ní wákàtí tí ẹ ti mọ̀ ṣáájú, lójú mọmọ. Nínú àwọn mẹ́rin yìí, òun ló rọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ lọ́rùn jù. Yẹtí irin onínọ́ńbà ni wọ́n ń fi sí wọn létí, ṣùgbọ́n ojú kò lè ka nọ́ńbà yẹn láti mítà mẹ́wàá, nítorí náà wọ́n máa ń fi àwọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń pa irun láró sàmì sí wọn lára: ọ̀kan ní èjìká òsì, ọ̀kan ní ìdí, ọ̀kan ní ọrùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó ti máa dá wọn mọ̀ bí ẹní dá ọmọ ìyá rẹ̀ mọ̀.

Marmot náà rọrùn láti rí, nítorí pé ó tóbi. Ó lè wọn kílò méjì sí márùn-ún, orí àpáta ló sì máa ń na ara rẹ̀ sí. Ẹ lè jókòó ní òdìkejì àfonífojì pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn, kí ẹ máa wo ìyá, ọmọbìnrin àti ọmọ-ọmọ lórí ilẹ̀ kan náà, pẹ̀lú akọ kan tó ń ṣọ́ gbogbo wọn. Tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá yọ, ẹni tó kọ́kọ́ rí i á súfèé gan-an, gbogbo agbo á gbọ́. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ dá lórí igbe ìkìlọ̀, níbí ni kó lọ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ti degu gba sùúrù. Ojúmọmọ lòun náà ń rìn, ẹ sì máa rí i tó ń jẹ koríko tó tún ń wo ojú ọ̀run bóyá àwòdì ń bọ̀. Àmọ́ ìrìn ọ̀sán wọn kò sọ ẹni tó jẹ́ ará ilé fún yín. Àwọn tó jọ sùn nínú isà kan náà ni ará ilé, abẹ́ ilẹ̀ sì nìyẹn. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ degu fi jẹ́ iṣẹ́ àfẹ̀mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, pàkúté ti wà lẹ́nu isà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú óòtù díẹ̀ nínú. Àwọn tí ẹ bá ń mú lẹ́nu isà kan náà láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀ ni ẹ ó kà sí agbo kan. Lóru, ẹ ó tún gbé eriali rédíò kiri láti mọ ibi tí àwọn tí ẹ fi ẹ̀gbà rédíò sí lọ́rùn sùn sí. Àwọn abo inú agbo kan máa ń kó ọmọ wọn jọ síbi kan, wọ́n sì ń fún ọmọ ara wọn lọ́mú, ṣùgbọ́n ojú yín kò ní tó èyí ní Rinconada. Àkọsílẹ̀ yín lẹ ó fi gbé e jáde.

Kí n fi èyí kún un: ẹ má ṣe fi ìrù mú degu láé. Awọ ìrù rẹ̀ máa ń bọ́ kúrò lára egungun bí ìbọ̀sẹ̀, ọ̀nà tó fi ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá nìyẹn, kò sì ní hù padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kánjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè fi àbùkù sí ẹranko kan lára títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Eku abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Òkìtì iyanrìn lẹ máa rí. Òun gan-an wà nísàlẹ̀, nínú ọ̀nà tóóró tó ń lọ jìnnà. Láti mú un, ẹ ó kúnlẹ̀, ẹ ó la ọ̀nà náà, ẹ ó fi pàkúté àti ègé ànàmọ́ sẹ́nu ibi tí ẹ là. Eku náà kò fẹ́ kí ilé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá dí i, ibẹ̀ ni pàkúté ti ń mú un. Ẹ ó máa yẹ pàkúté wò tọ̀sán tòru, ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta síra, fún ọjọ́ mélòó kan, títí ẹ ó fi mú gbogbo agbo tán, agbo kan sì lè tó ogójì. Ẹ ó wọ̀n wọ́n, ẹ ó fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tó kéré bí horo ìrẹsì sí abẹ́ awọ wọn, ẹ ó dá wọn padà. Tí ìbéèrè yín bá jẹ́ ta ló kúrò nílé, ta ló dúró, ta ló gba ipò ìyá, iṣẹ́ yìí á dáhùn rẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ ta ló ń gbẹ́lẹ̀ jù tàbí ta ló ń tọ́jú ọmọ ta ni, inú yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń sìn wọ́n ni ẹ ti máa rí i, kì í ṣe orí pápá.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìbátan rẹ̀, eku abẹ́ ilẹ̀ aláìnírun ti Kẹ́ńyà, Etiópíà àti Sòmálíà, ló ń fa ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn. Láti ìgbà tí Jennifer Jarvis ti fi hàn lọ́dún 1981 pé abo kan ṣoṣo ló ń bímọ nínú agbo wọn, tí àwọn tó kù sì ń ṣiṣẹ́ sìn ín bíi ti kòkòrò oyin, gbogbo ayé ló ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìṣesí rẹ̀ wá láti inú agbo tí wọ́n kó wálé tí wọ́n sì ń wò nínú páìpù tí ojú lè rí inú rẹ̀. Ẹ má lọ sí pápá nítorí ohun tí ẹ rí nínú páìpù.

Oṣù wọn àti oṣù yín

Ibí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń dàrú, ó sì máa ń dùn mí, nítorí kàlẹ́ńdà ni ohun tó rọrùn jù láti yẹ̀ wò ṣáájú.

Marmot máa ń sun oorun ìgbà òtútù fún oṣù méje sí mẹ́jọ. Nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ló ń jáde, ó sì ń padà wọlé ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ohun tó kù fún yín lọ́dún kan kò ju oṣù mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Ọ̀nà Gothic sì kún fún yìnyín títí ìgbà òtútù á fi parí, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí àkọ́kọ́ wọn yọjú lè ní láti fi pákó orí yìnyín rìn wọlé. Fún ọmọ másítà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan péré nìyẹn, bí òjò bá sì ba ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Fún oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ lè lọ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa fi ìgbà òtútù kọ̀wé.

Eku onílà yàtọ̀ pátápátá. Òjò ìgbà òtútù ló ń rọ̀ ní Goegap, ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkọkànlá, ni wọ́n ń bímọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá máa ń dé, tí àwọn ọmọ tó ti dàgbà á ṣì wà nílé òbí wọn láì bímọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í pé ọdún méjì láyé. Ó bani nínú jẹ́ fún ẹranko náà, ṣùgbọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, ó túmọ̀ sí pé ọdún kan péré lè fi ìran kan hàn yín látòkè délẹ̀. Ẹ tún ronú sí èyí: eku yìí kan náà lè fi agbo sílẹ̀ kó dá gbé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá dín kù lórí ilẹ̀. Akọ wọn lè jẹ́ baálé nínú agbo, ó lè jẹ́ alárìnkiri, ó sì lè jẹ́ ọmọ tó jókòó sílé baba. Ìbátan rẹ̀ tó ń gbé ilẹ̀ koríko ní ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè kan náà, ńṣe ló ń dá gbé. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ "kí ló ń mú ẹranko yàn láti gbé pọ̀ tàbí láti dá gbé?" kò lè rí ibi tó dára jù èyí lọ.

Degu ń gùn ní nǹkan bí oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, oyún rẹ̀ sì ń tó oṣù mẹ́ta, nítorí náà oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni ọmọ ń kún ilẹ̀. Ẹ lè pín ìrìn àjò sí méjì: ẹ lọ nígbà gígùn láti mọ agbo, ẹ padà lọ nígbà ìbímọ láti ka ọmọ. Tí owó yín kò bá tó fún tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ mú ìgbà ìbímọ. Oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀ le, degu fúnra rẹ̀ máa ń sá wọlé lọ́sàn-án gangan.

Eku abẹ́ ilẹ̀ kò ní kàlẹ́ńdà tí ẹ lè gbára lé. Òjò ló ń pàṣẹ. Tí òjò bá rọ̀, iyanrìn á rọ̀, wọ́n á gbẹ́lẹ̀, òkìtì tuntun á yọ, àwọn tó fẹ́ kúrò nílé á kúrò. Tí òjò kò bá rọ̀, ẹ lè rìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìrí òkìtì tútù kankan. Ẹni tí ó ní oṣù mẹ́fà péré, kó má dán an wò.

Àkọsílẹ̀ tó ti wà nílẹ̀

Kenneth Armitage bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ marmot Gothic lọ́dún 1962, Daniel Blumstein ló ń bá a lọ báyìí. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí máa bá ẹranko tí wọ́n mọ ìyá àti ìyá àgbà rẹ̀. Ohun tí èyí lè ṣe pọ̀: lọ́dún 2018 ni wọ́n gbé e jáde pé àwọn abo marmot tó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe wọléwọ̀de jù kì í pẹ́ láyé tó àwọn tó ń ya ara wọn sọ́tọ̀, ìdàkejì ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń retí. Ẹnì kankan ò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì.

Ọdún 2001 ni Carsten Schradin bẹ̀rẹ̀ ti Goegap. Ìtàn rẹ̀ kúrú ju ti Gothic lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ìran eku máa ń yára kọjá, ìran tí wọ́n ti rí níbẹ̀ pọ̀. Luis Ebensperger àti Loren Hayes ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ degu ní Rinconada, ohun tí mo sì fẹ́ràn nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò fi ipá sọ pé gbígbé pọ̀ dára nígbà gbogbo. Àǹfààní rẹ̀ máa ń yí padà láti ọdún dé ọdún.

Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ní owó tirẹ̀ tí ẹ máa san. Àmì tí wọ́n ń fi, wákàtí tí wọ́n ń ṣọ́, orúkọ tí wọ́n fún ìṣesí kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ bá wọn tẹ̀ lé, kódà bí ẹ bá rò pé ẹ ní ọ̀nà tó sàn jù. Ẹni tó fẹ́ dá ohun tuntun sílẹ̀ pátápátá lè rí i bí ìdè. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, Chile ló ṣí sílẹ̀ jù nínú mẹ́rin yìí.

Mo fẹ́ dárúkọ ẹ̀karùn-ún kan, kì í ṣe kí ẹ lè yàn án, bí kò ṣe nítorí ohun tó kọ́ wa. Tuco-tuco alágbo (Ctenomys sociabilis), eku mìíràn tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀, wà ní ibi kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Neuquén, Argẹntínà, níbi tí Eileen Lacey ti ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹfà 2011, òkè oníná Puyehue-Cordón Caulle bú ní Chile, eérú sì bo agbègbè yẹn. Pápá kì í ṣe yàrá ìwádìí. Ẹ ní ìbéèrè kejì lápò, èyí tí ẹ lè dáhùn bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́.

Ìwé àṣẹ

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ní ọdún kan ṣáájú, kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Ní Chile, SAG, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn, ló ń fún èèyàn láṣẹ láti mú ẹranko ìgbẹ́, lábẹ́ òfin 19.473 ti ọdún 1996. Ní Northern Cape, ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ tiyín náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìlànà American Society of Mammalogists, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹranko afọ́mọlọ́mú ní Amẹ́ríkà, sì ni ọ̀pọ̀ wọn máa bi yín léèrè. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ègé etí tàbí ẹ̀jẹ̀ jáde nílùú, àdéhùn Nagoya, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí lílo ohun alààyè orílẹ̀-èdè mìíràn àti pípín àǹfààní rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, lè kàn yín. Ẹ má dì í sínú àpótí kí ẹ tó béèrè.

Ewu, tiyín àti tiwọn

Ní Chile, eku onírù gígùn kan (Oligoryzomys longicaudatus) ló ń gbé kòkòrò àrùn hantavirus tí wọ́n ń pè ní Andes, èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó lè ràn láti ara èèyàn sí èèyàn. Degu kọ́ ni, àmọ́ ilé àdádó tí ẹ máa sùn lè ti gbàlejò eku yẹn. Ilé tó ti wà ní títì fún ìgbà pípẹ́, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ dúró síta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ wá fi omi oníbílíìṣì rin ilẹ̀ kí ẹ tó nù ún. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ní Colorado, àrùn plague ṣì wà lára àwọn ẹranko ìgbẹ́, kòkòrò amùjẹ̀ inú irun wọn ló ń gbé e kiri, eégbọn náà sì pọ̀. Ní Northern Cape, paramọ́lẹ̀ àti ṣèbé ni kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá níbi tí ẹ bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ abẹ́ igbó láti fa pàkúté jáde.

Ti ẹranko ló ká mi lára jù. Pàkúté onípáànù tí oòrùn bá bá níta máa di ààrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òtútù òru náà sì lè pa eku kékeré. Ẹ má tẹ́ pàkúté tó pọ̀ ju èyí tí ẹ lè yẹ̀ wò ní wákàtí kan lọ. Ẹ̀gbà rédíò náà ní ìwọ̀n: ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kó má kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹranko. Eku onílà tó wọn gíráàmù 40 kò gbọ́dọ̀ gbé ju gíráàmù 2 lọ. Degu tó wọn 200 lè gbé tó 10, bátìrì rẹ̀ á sì pẹ́ ju ti eku onílà lọ. Ẹ ṣírò èyí kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Èwo fún ta ni?

Bí ẹ bá ní ọdún kan tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ kò sì tíì mú ẹranko ìgbẹ́ rí, èmi á ní kí ẹ lọ sí Goegap. Bí ẹ bá ní ọdún mẹ́rin, tí ìṣirò ń dùn mọ́ yín, tí ẹ sì lè fara da òkè tó ga tó bíi mítà 2,900, Gothic ni. Ẹni tó gbọ́ Sípéènì tàbí tó ṣe tán láti kọ́ ọ, tó sì lè jí láàárín òru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìbínú, degu á san án lẹ́san. Kalahari wà fún ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ nípa fífi ilé sílẹ̀, tí ó ní ọdún tó pọ̀ àti ẹgbẹ́ tó máa bá a pín òru.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó ibùdó náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré. Ní oṣù tí mò ń bọ̀, ẹranko mélòó ló máa ní àmì lára? Ta ló máa bá mi rìn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́? Mọ́tò mélòó ló ń ṣiṣẹ́? Bí ó bá fi iye dáhùn, tó sì dárúkọ ẹni tó máa bá yín rìn, ẹ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ní kí ẹ ṣáà máa bọ̀, pé ẹ ó rí i tí ẹ bá dé, ẹ kọ̀wé sí ibùdó kejì.